Mírọ̀ Dátà Láàárín Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí

Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló wà lábẹ́ àbójútó mi. Ọ́fíìsì àgbà wà ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ̀ka kejì wà l'Ọ́yọ̀ọ́ nítòsí ọjà Akẹ̀sán, ẹ̀kẹta wà n'Ílọrin. Owó àwọn ìyá oní-gàrí, owó àwọn tíṣà, owó àwọn tó ń ra kajú, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú dátà yẹn, ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì yẹ kó ti máa rí bákan náà. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀bù oògùn máa ń pè mí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí, mo bá ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ sójú kan.

Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tiẹ̀ ń pè ní mírọ̀ gan-an?

Kí ohun tẹ́ ẹ bá kọ sórí dísìkì kan tún wà lórí dísìkì mìíràn bó ṣe rí gẹ́lẹ́, láìjẹ́ pé ẹnì kan ń jókòó ṣe kọ́pì. Ti inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo làwọn èèyàn kọ́kọ́ mọ̀, dísìkì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní RAID 1. Ọdún 1988 ni Patterson, Gibson àti Katz ní Berkeley l'Amẹ́ríkà kọ ìwé tó gbé orúkọ RAID yẹn jáde. Ìyẹn rọrùn, wáyà kékeré ló so wọ́n pọ̀. Ìgbà tí dísìkì kan bá wà ní Tákíè tí èkejì wà l'Akẹ̀sán ni ọ̀rọ̀ ń yí padà, torí ọ̀nà jìn, iná ń lọ, katakata ń gbẹ́lẹ̀ lójú títì ó sì ń já okùn. Tẹ́ ẹ bá dúró síwájú dígí tẹ́ ẹ nawọ́ sókè, ẹni inú dígí á nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Dígí tiwa yìí máa ń pẹ́ kó tó nawọ́, nígbà míì kò tiẹ̀ ní nà án rárá, kò sì ní sọ fún yín.

Tí mo bá ti ní mírọ̀, ṣé mo ṣì nílò backup, ìyẹn ẹ̀dà tá a gbé pamọ́?

Ẹ nílò ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mírọ̀ ń gbà yín lọ́wọ́ dísìkì tó kú àti ilé tó jó, kò gbà yín lọ́wọ́ àṣìṣe. Tí akọ̀wé bá pa àkáǹtì kan rẹ́ ní Tákíè, mírọ̀ á bá a pa á rẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, tí ransomware (kòkòrò kọ̀ǹpútà táwọn olè fi ń ti fáìlì pa kí wọ́n lè gbowó) bá ti fáìlì yín pa, títì pa náà ló máa gbé lọ sí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ GitLab (ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù software) kan tó ń gbìyànjú láti tún replication (fífi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ibòmíràn) ṣe pa fódà database (ibi tí software ń kó dátà sí) rẹ́ lórí server (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà) tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn, dátà bíi wákàtí mẹ́fà ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2021, ilé dátà (ilé tí wọ́n ń kó server sí) ilé-iṣẹ́ OVH kan jó ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni backup wọn wà. Ẹ ní ẹ̀dà kan tí mírọ̀ ò lè fọwọ́ kàn. Tiwa wà lórí hard disk tá a máa ń yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà, tá a ń tì mọ́ inú àpótí irin.

Ṣé sync ni kí n lò àbí async?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn ẹ̀.

Ti sync, nígbà tí káṣíà bá tẹ bọ́tìnnì ní Tákíè, server ò ní sọ fún un pé owó ti wọlé àfi tí Ọ̀yọ́ bá dáhùn pé òun náà ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ti async, Tákíè á kọ tiẹ̀, á dá káṣíà lóhùn lójú ẹsẹ̀, á wá fi ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ bí àyè bá ṣe gbà á.

Ẹni tó bá gbọ́ báyìí á ní kí n bá òun ṣe sync, ṣebí owó ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ inú fiber ń sáré bíi kìlómítà 200,000 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, tó túmọ̀ sí pé ọ̀nà kìlómítà 100, àlọ àtàbọ̀, yẹ kó gba bíi milisẹ́kọ́ǹdì kan. Láti ibí dé Ìbàdàn ni bíi kìlómítà 100 yẹn, Ọ̀yọ́ ò tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ping ẹ wò (ẹ fi àmì kékeré ránṣẹ́ kẹ́ ẹ ka ìgbà tó fi lọ tó fi bọ̀), ẹ ò ní rí milisẹ́kọ́ǹdì kan, torí dátà yín lè gbéra n'Ógbómọ̀ṣọ́ kó kọ́kọ́ lọ sí Èkó kó tó padà wá sí Ọ̀yọ́, pàápàá tí ẹ̀ka méjèèjì ò bá lo ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan náà. Ká ní 40 milisẹ́kọ́ǹdì lẹ rí. Ohun tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra lọ́kọ̀ọ̀kan ò ní lè ju 25 lọ ní sẹ́kọ́ǹdì kan nìyẹn. Tí gbígba owó ẹnì kan bá ń kọ ìlà mẹ́wàá, tó sì ń dúró fún ìdáhùn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, 400 milisẹ́kọ́ǹdì ti lọ sórí ẹni yẹn nìkan, lọ́jọ́ lásán ẹ lè má mọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé tí èrò tò dé ìta, ẹ ó mọ̀. Ẹni tó kọ software yín ló yẹ kó di ìlà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀ sínú transaction kan ṣoṣo (ìdìpọ̀ tó jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ á wọlé pọ̀ tàbí kí ìkankan má wọlé), kó fi lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa dúró.

Async náà ní tiẹ̀. Tí Tákíè bá jó lọ́sàn-án yìí, gbogbo ohun tí ò tíì dé Ọ̀yọ́ ti lọ nìyẹn. Ẹ bi ọ̀gá yín, kì í ṣe ẹni tó ń ta server: iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó la lè pàdánù, ká ṣì fi tíkẹ́ẹ̀tì orí bébà kó o jọ padà? Iye ìṣẹ́jú yẹn ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa rà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ yan ọ̀kan fún gbogbo nǹkan. PostgreSQL, ìyẹn software database kan, ti ní sync láti ọdún 2011, ẹ sì lè yan synchronous_commit (ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ bóyá kó dúró de ìdáhùn) fún transaction kọ̀ọ̀kan. Níbi tiwa, gbígba owó jáde, sync ni, títún nọ́ńbà fóònù ẹnì kan ṣe, async ni, kò sẹ́ni tó máa sunkún tí nọ́ńbà fóònù bá pẹ́ sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá kó tó dé Ìlọrin. Tó bá jẹ́ DRBD lẹ ń lò, ìyẹn software mírọ̀ dísìkì tí LINBIT ní Austria ṣe tó ti wà nínú Linux láti 2010, Protocol A, B àti C ló ní. Protocol A á gbà pé ó ti parí tó bá ti wà lórí dísìkì ibí tó sì ti bọ́ sínú ìlà tó ń dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì, B á dúró dìgbà tó bá dé inú RAM ọ̀hún, C á dúró dìgbà tó bá wà lórí dísìkì méjèèjì. Mo ti rí ẹni tó ń lo A tó sì ń sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé sync lòun ń ṣe. Ẹ yẹ tiyín wò lónìí.

Ó ku ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ní sync pẹ̀lú igbákejì (server tó ń gba ẹ̀dà) kan ṣoṣo, ọjọ́ tí igbákejì yẹn bá kú, server ọ̀gá (èyí tó ń kọ) náà á dúró gbagidi, káṣíà ò ní lè ṣe nǹkan kan. Ẹ fi igbákejì méjì sí i kẹ́ ẹ sọ fún un pé ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ dáhùn nínú Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin ti tó. PostgreSQL 10 sókè gbà á, ANY 1 ni wọ́n ń kọ sínú synchronous_standby_names.

Gbogbo dátà ló dé Ọ̀yọ́ pé, kí ló dé tí database ò ṣí?

Ó dé pé, àmọ́ bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra kọ́ ló ṣe dé. Database máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú log kó tó ṣe é. Tí log yín bá wà lórí dísìkì kan, tí dátà wà lórí òmíràn, tẹ́ ẹ wá ń ṣe mírọ̀ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dátà lè ṣáájú log dé. Bàbá kan ní kí wọ́n yọ 50,000 náírà nínú àkáǹtì òun sínú tọmọ òun tó wà ní LAUTECH. Ìyọkúrò dé Ọ̀yọ́, ìfikún ò dé, log tó yẹ kó ṣàlàyé ò dé, iná Tákíè bá lọ. Lójú Ọ̀yọ́, 50,000 ti di òfurufú.

Ẹ̀dà tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ kì í ṣe irọ́, òtítọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ni. Ẹ̀dà tí apá kan ẹ̀ jẹ́ ti aago mẹ́wàá tí apá kejì jẹ́ ti aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí ìgbà kankan tó jẹ́ òtítọ́ rí. Mo gba àkọ́kọ́ lọ́wọ́ yín, mi ò gba èkejì. Torí náà, gbogbo dísìkì tí database kan bá ń lò, inú ẹgbẹ́ kan náà ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí, consistency group ni wọ́n ń kọ sára storage (ẹ̀rọ tó ń kó dísìkì pọ̀), kí wọ́n jọ rìn kí wọ́n sì jọ dúró.

Ibì kan wà tí ewu yìí ti máa ń sá pamọ́ sí. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já tó wá padà, DRBD á máa kó àwọn ibi tó yàtọ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ tẹ̀ léra. Títí tó fi máa parí, ẹ̀dà Ọ̀yọ́ ò ṣeé lò rárá. Tí Tákíè bá kú láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀dà tó pẹ́ gan-an ò tún sí lọ́wọ́ yín mọ́. Ẹ ya snapshot (àwòrán bí dátà ṣe rí lásìkò kan) sílẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ kí ìkóránṣẹ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀, DRBD ní ibi tẹ́ ẹ lè kọ ọ́ sí kó máa ṣe é fúnra ẹ̀.

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín ẹ̀ka méjì, ta ló yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lọ?

Ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè ló lè pé mẹ́fà láàfin. Igbákejì lè pọ̀ bó ṣe wù yín, ẹni tó ń kọ ò gbọdọ̀ pé méjì. Àwọn oníṣẹ́ yìí ń pè é ní split brain, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí wa.

Ọjọ́rú kan ni. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà fún wa tẹ́lẹ̀ ti kọ script kan (àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra ẹ̀) s'Ọ́yọ̀ọ́ pé tó bá fi 30 sẹ́kọ́ǹdì wá Tákíè tí ò rí i, kó sọ ara ẹ̀ di ọ̀gá. Tákíè ò kú o, okùn ló já. Ọ̀yọ́ di ọ̀gá, Tákíè náà ṣì jẹ́ ọ̀gá, iná aláwọ̀ ewé ló wà lójú screen méjèèjì. Ìyá oní-gàrí kan ní 95,000 náírà. Òun fúnra ẹ̀ wá sí Tákíè, ó gba 80,000. Ọmọ ẹ̀ tó ń bá a ra ọjà l'Akẹ̀sán mú pásíbúùkù kejì lọ síbẹ̀, ó gba 80,000. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn, kò sẹ́ni tó jalè, 95,000 ni káṣíà méjèèjì rí. Bíi wákàtí méjì ni okùn fi já. Nígbà tó padà, ẹ̀dà méjèèjì kọ̀ láti bára wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló sì gbà wá, torí ká ní ó da ara ẹ̀ pọ̀ ni, ọ̀kan á jẹ èkejì.

Alẹ́ ọjọ́ náà la kó tíkẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ sórí tábìlì, 61 ti Tákíè, 37 t'Ọ́yọ̀ọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá. A fi Tákíè ṣe òtítọ́, a wá ń tẹ t'Ọ́yọ̀ọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ń kà, ẹnì kan ń tẹ̀, ẹnì kẹta ń fi bírò pupa sàmì. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ìyá yẹn san 65,000 tó lé padà díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì yé dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí pé à ń bẹ obìnrin tí ò ṣẹ̀ wá.

Kẹ́ ẹ má rò pé àwa kékeré nìkan ni. Ní 21 oṣù kẹwàá 2018, nẹ́tíwọ́ọ̀kì GitHub, tóun náà ń tọ́jú kóòdù bíi GitLab, já fún 43 sẹ́kọ́ǹdì péré l'Amẹ́ríkà. Irinṣẹ́ tó ń yan ọ̀gá ti gbé ipò fún àwọn database ìhà ìwọ̀ oòrùn, bẹ́ẹ̀ ti ìlà oòrùn ti gba àwọn nǹkan kan tí ò tíì dé ọ̀hún. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n fi tún un ṣe, torí wọ́n yàn kí dátà pé ju kí wọ́n tètè padà lọ. Ohun tó yẹ kéèyàn yàn nìyẹn.

Báwo la ṣe wá ń dènà ọba méjì yẹn?

Ìbò ni. Ẹ̀ka méjì ò lè dìbò, ọ̀kan sí ọ̀kan ni. Ẹ fi ẹlẹ́rìí kẹta sí ibòmíràn, kò ní láti tóbi, kò ní láti ní dátà kankan, kọ̀ǹpútà kékeré tó kàn ń sọ pé "mo rí Tákíè" ti tó. Ẹni tó bá ní ìbò méjì nínú mẹ́ta ló máa kọ, ẹni tó bá dá wà á dákẹ́. Ìlọrin ni ẹlẹ́rìí tiwa. Ẹ má ra ẹ̀kẹrin nítorí ìbò o: nínú mẹ́rin ẹ nílò mẹ́ta, ẹnì kan péré náà ló lè kú, bíi ti mẹ́ta. Márùn-ún ló ń jẹ́ kí méjì lè kú.

Ẹ má gbé ẹlẹ́rìí sínú ọ́fíìsì Tákíè, mo ti rí i níbì kan, iná ọ́fíìsì lọ, ìbò méjì bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sì béèrè ibi tí okùn ń gbà. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì méjì lè jọ ri okùn sínú kòtò kan náà lẹ́bàá títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, katakata kan á já méjèèjì. Ní 14 oṣù kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ló bàjẹ́ pọ̀ nítòsí Abidjan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ti rò pé báwọn ṣe ra méjì nínú wọn, àwọn ti bọ́.

Ẹ fi pípa kún un. Kí ọ̀gá tuntun tó gorí ipò, ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé ti àtijọ́ ò lè kọ nǹkan mọ́, bóyá ó gé iná ẹ̀ láti ibi PDU (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún server), bóyá ó já a kúrò lára storage. Àwọn oní-Linux ń pè é ní STONITH, ìyẹn Shoot The Other Node In The Head, kẹ́ ẹ yìnbọn fún ẹ̀rọ kejì lórí. Ó le létí, àmọ́ òun ni ààbò ìyá oní-gàrí yẹn.

Àwọn èrò ti dúró l'Ọ́yọ̀ọ́, ṣé kí wọ́n kàn máa wò ni?

Mo mọ bó ṣe ń rí. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Eric Brewer, sọ ọ́ ní ọdún 2000, Gilbert àti Lynch fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀ ní 2002: tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá pín sí méjì, ẹ ò lè ní ìbáramu pípé kí gbogbo ẹ̀ka sì tún máa dáhùn. Ẹ máa fi ọ̀kan sílẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lórí gbogbo nǹkan.

Ẹ wo iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀. Ẹni tó mú owó wá, kò sí ewu níbẹ̀: 5,000 ní Tákíè, 3,000 l'Ọ́yọ̀ọ́, èyí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ròpọ̀, 8,000 náà ni. Ẹni tó fẹ́ gbowó ni wàhálà, torí ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó kù. Ní báyìí, tí Ọ̀yọ́ bá dá wà, ó ń gba owó sílẹ̀ sínú ìwé tó dá dúró, ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀ tí ò lè jọ tẹlòmíràn, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀kan ló máa wọlé. Fún gbígba owó jáde, a ti ya 5,000 náírà sọ́tọ̀ fún ẹ̀ka Ọ̀yọ́ lórí àkáǹtì tó lágbára, Tákíè ò ní fọwọ́ kan 5,000 yẹn láéláé, nítorí náà Ọ̀yọ́ lè san án nínú òkùnkùn. Tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe sùúrù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa." Wọ́n máa ń bínú. Ìbínú ìṣẹ́jú ogún sàn ju alẹ́ bírò pupa lọ.

Ṣé ká máa fi aago mọ èyí tó jẹ́ tuntun?

Ẹ má ṣe é. Aago kọ̀ǹpútà ò dọ́gba. Tí tỌ̀yọ́ bá fi ìṣẹ́jú méjì yá, ohun tí Tákíè kọ lẹ́yìn ẹ̀ á dà bí èyí tó ti gbó, wọ́n á sì gbé e sọnù láìsọ fẹ́nì kan. Ẹ ṣe NTP (tó ń mú aago kọ̀ǹpútà dọ́gba), ẹ fi UTC (àkókò kan náà fún gbogbo ayé) kọ gbogbo àkókò sínú database, àmọ́ nọ́ńbà tó ń gòkè lọ́wọ́ ọ̀gá kan ni kẹ́ ẹ fi mọ èyí tó ṣáájú. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Leslie Lamport ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1978.

500 GB la ní, 4 Mbit/s ni íntánẹ́ẹ̀tì wa. Báwo ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ ṣe máa dé Ọ̀yọ́?

Ẹ fi mọ́tò gbé e. Lórí 4 Mbit/s, 500 GB á gba ọjọ́ mọ́kànlá ó lé, tí kò bá já rárá. Ẹ kọ ọ́ sórí hard disk, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ LUKS (ètò Linux tó ń ti dísìkì pa) tì í, ẹ wọ mọ́tò, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti wà l'Akẹ̀sán. Lẹ́yìn ìyẹn àyípadà nìkan ló kù. Tí àyípadà ọjọ́ kan bá jẹ́ 2 GB, wákàtí kan àti bíi ìṣẹ́jú méje ni gbogbo ẹ̀ máa gbà. Àmọ́ ẹ rí i dájú pé ẹ ti sọ fún ọ̀gá kó tọ́jú log láti ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ihò á wà láàárín.

rsync (irinṣẹ́ tó ń ṣe kọ́pì fáìlì) ni mò ń lò lálaalẹ́, ṣé kò tó?

Fún fáìlì tó dúró jẹ́ẹ́, ó tó gan. Tridgell àti Mackerras ló gbé e jáde ní 1996, ó ṣì dáa títí dòní. Fún database tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, rárá: bó ṣe ń ka fáìlì àkọ́kọ́, ti ìkẹwàá ń yí padà, ẹ̀dà àdàpọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ ya snapshot tàbí kẹ́ ẹ lo pg_basebackup, irinṣẹ́ PostgreSQL tó ń ṣe ẹ̀dà database tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ tún mọ̀ pé ìwọ̀n fáìlì àti àkókò ló ń wò, inú fáìlì kọ́, àfi tẹ́ ẹ bá fi --checksum sí i. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lo --delete (tó ń pa ohun tí ò sí ní orísun rẹ́), ẹ kọ́kọ́ ṣe é pẹ̀lú --dry-run (ìdánwò tí kì í yí nǹkan padà), torí tí dísìkì orísun ò bá mount, ìyẹn tí ò bá so mọ́ kọ̀ǹpútà, fódà òfìfo ló máa rí, á sì sọ ti Ọ̀yọ́ náà di òfìfo.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀dà méjèèjì bára mu lóòótọ́?

Ẹ kà á. Iná aláwọ̀ ewé orí screen ò sọ pé wọ́n bára mu, pé àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ ló ń sọ. Dísìkì máa ń bàjẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà fún oṣù mẹ́fà. Tó bá jẹ́ ZFS (ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì), ẹ máa ṣe scrub (kó ka gbogbo ẹ̀ wò) lóṣooṣù, ó ní checksum (nọ́ńbà àyẹ̀wò) fún gbogbo block. DRBD ní verify. Fún MySQL, software database mìíràn, pt-table-checksum wà.

Lórí gbogbo ìyẹn, mo ní tèmi tí mo ń ṣe ní Sátidé. Mo mú àkókò kan, ká ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, mo ro gbogbo owó tó wà nínú àkáǹtì pọ̀ títí di ìgbà yẹn níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ka iye ìlà, mo sì fi sha256 (ìṣirò tó ń sọ dátà di àmì kan, tó sì máa ń yí padà bí lẹ́tà kan bá yí) pa orúkọ àti nọ́ńbà fóònù pọ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta níbì kọ̀ọ̀kan, mo kọ wọ́n sínú ìwé. Sátidé kan, owó bára mu, ìlà bára mu, sha256 tỌ̀yọ́ yàtọ̀. Mo wá a títí, nọ́ńbà fóònù ẹnì kan ṣoṣo ni: ọmọkùnrin kan l'Ọ́yọ̀ọ́ ti wọlé sórí igbákejì, ó tún nọ́ńbà ìyá àgbà kan ṣe níbẹ̀ tààrà, láti ràn án lọ́wọ́ ni. MySQL ló wà lórí apá yẹn nígbà náà, a ò sì fi super_read_only (tó ń jẹ́ kó ṣeé kà nìkan) sí i. Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo fi í sí i. Nọ́ńbà fóònù ni ti Sátidé yẹn, ó lè jẹ́ owó.

Iná ń lọ léraléra níbi tiwa, ṣé ó kan mírọ̀?

Ó kàn án. Àwọn dísìkì kan máa ń sọ pé àwọn ti kọ nǹkan, bẹ́ẹ̀ inú cache (ìrántí kékeré tí iná bá lọ tó ń nù) ló ṣì wà, iná á lọ, cache á nù, àmọ́ ọ̀gá ti gbà gbọ́. Ẹ ra SSD tó ní ààbò fún ìgbà tí iná bá lọ, PLP ni wọ́n ń kọ sí i, ẹ má sì pa fsync (àṣẹ pé kí dísìkì kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́) nítorí kí ẹ̀rọ lè yá. Ínfátà kí jẹnẹrétọ̀ tó dìde, dandan ni.

Okùn ti já fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí ló yẹ kí n máa wò?

Àyè tó kù lórí dísìkì ọ̀gá. Replication slot PostgreSQL (ibi tó ń sàmì ohun tí igbákejì ti gbà) ò ní pa log rẹ́ títí Ọ̀yọ́ fi máa gbà á, log á kún dísìkì, Tákíè tí ara ẹ̀ le á sì dúró. Láti PostgreSQL 13 lẹ lè fi max_slot_wal_keep_size dá a lẹ́kun. Tó bá kọjá ibẹ̀, ẹ máa ṣe ẹ̀dà tỌ̀yọ́ tuntun, ẹ wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Tákíè kú, Ọ̀yọ́ gba ipò, a ti wá tún Tákíè ṣe. Ṣé kí n tan án?

Ẹ yọ okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan án. Kó má jí dìde kó rò pé òun ṣì jọba. Ẹ ya snapshot ẹ̀ sílẹ̀, torí ó lè ní ìlà díẹ̀ tí ò dé Ọ̀yọ́ kó tó kú, ẹ máa nílò ẹ̀ láti fi wé tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà pg_rewind (irinṣẹ́ tó ń dá ọ̀gá àtijọ́ padà bá ọ̀gá tuntun mu) tàbí ẹ̀dà tuntun, kó wọlé bí igbákejì. Níbi DRBD, --discard-my-data ni àṣẹ náà, orí ẹni tí dátà ẹ̀ máa lọ lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Kí ẹni méjì dúró níbẹ̀, kí ọ̀kan ka orúkọ server jáde sókè kí èkejì tó tẹ Enter. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré, dátà burúkú lè gorí dátà rere, mírọ̀ ò ní bá yín jiyàn.

Ṣé òfin ní nǹkan sọ sí i?

Nigeria Data Protection Act ti di òfin láti oṣù kẹfà 2023. Ẹ̀dà mẹ́ta túmọ̀ sí ibi mẹ́ta tí olè lè gbà wọlé. Tí ìsọfúnni àwọn èèyàn bá jò jáde lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó òfin náà létí. Ẹ ti dísìkì pa níbi gbogbo, ẹ fi TLS tàbí WireGuard bo ọ̀nà.

Ṣé a lè dán an wò láìba iṣẹ́ jẹ́?

Ẹ yan ọ̀sán Sunday kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ẹ sọ fún gbogbo ẹ̀ka, kẹ́ ẹ wá pa Tákíè ní tòótọ́, kẹ́ ẹ máa fi aago ka ìgbà tí káṣíà Ọ̀yọ́ fi máa lè gba 100 náírà sínú àkáǹtì ìdánwò. Nígbà tá a kọ́kọ́ ṣe é, ẹ̀rọ parí tiẹ̀ kíákíá, àmọ́ ìṣẹ́jú 52 la lò. Password tá a máa fi wọ server Ọ̀yọ́ wà nínú fáìlì kan, orí server Tákíè tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni fáìlì náà wà. Ó ti wà lórí bébà báyìí, nínú énfílóòpù tá a lẹ̀ pa, nínú àpótí irin l'Akẹ̀sán, èèyàn méjì ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀.